Òrùka Iná ní Kíláàsì Karùn-ún

"Tíṣà Atupele, ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn o. Bí ojú ọmọ kan bá fọ́ lónìí, ta ló máa dáhùn?"

Ọ̀gá Mwangoka, olórí ilé ẹ̀kọ́ náà, ti yísẹ̀ padà kó tó sọ̀rọ̀ tán. Atupele di kọ́kọ́rọ́ mú, kò lè wo àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún lójú. Òun ló kọ́ wọn pé òṣùpá yóò gba iwájú oòrùn kọjá, pé nítorí ó jìnnà sí ayé lọ́jọ́ náà kò ní lè bò ó tán, etí oòrùn yóò kù bí òrùka; ó sì ti ṣèdánwò rẹ̀ fún wọn. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yìí ní Rujewa ni wọ́n fi gíláàsì tí wọn yóò fi wò ó ránṣẹ́ sí. Àmọ́ nígbà tí àwọn àlejò pàtàkì dé láti Dar es Salaam láàárọ̀, kò sẹ́ni tó bẹ Atupele kó tó fi ọwọ́ méjèèjì pín in fún wọn, tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Tíṣà, gíláàsì wa ńkọ́?" Tusekile béèrè, ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Àwọn àlejò ń lò ó."

"Ṣé àwọn ló ṣèdánwò ẹ̀ ni?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ fi Tíṣà sílẹ̀ jàre," Lusajo tó jókòó tì í gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé wọ́n lè bá ọ̀gá jà ni?"

Àánú yẹn dùn ún ju ẹ̀rín lọ. Ó ti ilẹ̀kùn.

Lóde, ìyàwó àlejò kan gbé gíláàsì lé iwájú orí, ó ń ya ara rẹ̀ ní fọ́tò. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ooru dínkù. Lójijì, ariwo kíláàsì karùn-ún dákẹ́ lọ gbári. Atupele sáré lọ ṣílẹ̀kùn.

"Tíṣà, ẹ pa á dé! Ìmọ́lẹ̀ ń bà á jẹ́!"

Ó wọlé, ó pa á dé. Gbogbo ihò tó wà lára páànù òrùlé ló gbé àwòrán oòrùn sọ̀ kalẹ̀: òrùka wẹ́wẹ́ lórí ilẹ̀, lórí tábìlì, lára aṣọ àwọn ọmọ. Tusekile tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ gba ọ̀kan.

"Òun rèé, àbí?"

"Òun ni."

"Ibi tí òjò ti máa ń rọ̀ lé wa lórí ni," Lusajo wí.

Atupele wo wọ́n lójú. "Ọ̀gá kọ́ ló ní kí n kó gíláàsì yín fún wọn. Èmi ni mo kó o."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Mwangoka yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Kí lẹ ń ṣe níbí? Àwọn àlejò ń béèrè yín."

"Ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀, sà. Kí wọ́n wá wo òrùlé wa."

"Òrùlé wo? Ṣé ẹ fẹ́ dójú tì wá ni?"

"Ojú ti ti èmi ná, sà. Ó ku ẹ̀yin."