Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Gbé Orúkọ Dé Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o. Mo lá àlá kan mọ́jú òní: wọ́n ní kí n gbé orúkọ ọmọ ọmọ mi dé Lọ́ńdọ̀nù kí omi ìsọmọlórúkọ tó gbẹ nínú abọ́. Orúkọ náà, Ìyùnadé, ń tàn yòò ní àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ọ́fíìsì kan ń fò kọjá lókè. Mo fò mọ́ ọn. Ọ̀gá ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Fátólú, tẹ òǹtẹ̀ sí mi níwájú orí, ó sì na okùn dígí kan sí mi, tín-ín-rín bí irun, irú èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ fóònù gba abẹ́ òkun lọ sókè òkun.

"Ọ̀nà rèé. Èmi fúnra mi ni n ó mú yín lọ."

A wọ inú rẹ̀. Mi ò tilẹ̀ bèèrè bí a ṣe gbà.

A ò tíì rìn jìnnà tí ògiri dígí fi dí wa lọ́nà. Ògiri náà wúkọ́.

"Ẹ káàbọ̀. Inú ibí yìí ki fún ìmọ́lẹ̀ ju awọ dígí tó wà lẹ́yìn mi lọ. Ẹni tó bá nàró kọlù mí, màá jẹ́ kó là mí kọjá síta. Ẹni tó bá rẹlẹ̀ tó, màá dá a padà sínú tòun ti ìmọ́lẹ̀ rẹ̀."

"Èmi, ọ̀gá àgbà, kí n rẹlẹ̀ fún dígí?" Fátólú nàró ṣánṣán, ó kọlu ògiri, ó sì bọ́ síta lóòótọ́. Kó tó balẹ̀, ó ti hu ìwo, ó ń ké bí ewúrẹ́. Mo kí i pé ó dàbọ̀.

Ẹ̀rù wá bà mí, nítorí omi abọ́ náà ti ku bíńtín. Àmọ́ ọmọ Èkìtì ni mí. Bàbá mi ò jẹ́ kí n kí àgbà lóòró rí. Mo na gbalaja.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ògiri!"

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi." Ó tì mí padà sínú.

Mo yọ̀ dé ògiri òdìkejì, mo tún dọ̀bálẹ̀, òun náà tì mí padà. Bí mo ṣe ń dọ̀bálẹ̀ lọ́tùn-ún lósì nìyẹn, lábẹ́ òkun, àwọn ẹja ń pàtẹ́wọ́ fún mi, Ìyùnadé ò sì yéé tàn. Inú mi dùn dé góńgó! Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo ló kù nígbà tí mo rí ẹnu okùn.

Ìgbà náà ni mo jí. Mo ti jábọ́ látorí bẹ́ẹ̀dì, mo dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, fóònù ń dún létí mi. Mo tẹ̀ ẹ́, Adétóún ọmọ mi sì yọ lójú rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, ó gbé ìkókó dání.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ẹ̀yin nìkan là ń dúró dè. Orúkọ wo lẹ fún un?"

Mi ò dìde. Ilẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti ké e: "Ìyùnadé!"

Gbogbo ilé Lọ́ńdọ̀nù hó yèè, wọ́n ń pe Ìyùnadé, ọmọ náà sì sín. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo gbójú sókè, ewúrẹ́ aládùúgbò wa wà níta, ó nàró lórí ẹsẹ̀ méjì, ó ń kan ìwo mọ́ dígí fèrèsé mi.