Híítà Tó Ń Pe Orúkọ Èèyàn

Ilé-ìwẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú fúláàtì Àǹtí Mojísọ́lá ní Festac, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí Àǹtí bá wọlé wẹ̀, orin ni yóò máa kọ títí omi gbígbóná inú híítà yóò fi tán. Ọlákìtán, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, á dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn pẹ̀lú táwẹ́lì léjìká, á máa wo aago. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Apple Junction ni, ọ̀gá rẹ̀ ò sì fẹ́ràn ẹni tó ń pẹ́ dé.

Nígbà tó yá, híítà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bí wọ́n bá ti tàn án, á máa ké gbù-ú, gbù-ú. Ọlákìtán ló wà nílé lọ́jọ́ tí Owólabí, púlọ́ńbà wọn, wá yẹ̀ ẹ́ wò.

"Sístà mi, omi bọ̀hóòlù yín ló fà á," ló wí. "Ṣé ẹ rí nǹkan funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tùlù yín? Òun náà ló ti dì mọ́ irin inú híítà. Ẹ jẹ́ n tú u, ká rẹ ẹ́ sínú fínígà, omi kíkan yẹn. Á ṣí kúrò."

Ọlákìtán ní kó máa lọ ná, àwọn á pè é.

Ọmọ yìí burú o! Nígbà tí Àǹtí bi í pé kí ni púlọ́ńbà wí, ojú ò tiẹ̀ tì í.

"Òun náà ò mọ̀ ọ́n o, Àǹtí. Àmọ́ tí mo bá tẹ́tí sí i dáadáa, ó máa ń dà bíi pé ó ń pe orúkọ èèyàn."

Láti ọjọ́ kejì, wéré báyìí ni Àǹtí ń wẹ̀. Orin kì í kọjá ègbè kan. Ọlákìtán ń dé ibi iṣẹ́ ṣáájú ọ̀gá, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Ṣùgbọ́n nígbà tó jí láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ó bá Àǹtí, Bọ̀dá Clement àti Ìyá Ezra, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn, lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwẹ̀. Wọ́n ti to àga síbẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà kíkankíkan.

"Ẹ kú àárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ wẹ̀."

"Ní sùúrù," ni Àǹtí wí láìla ojú. "Ohun tó ń pe orúkọ èèyàn kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Àràárọ̀ la ó máa wá, títí á fi dákẹ́."

Ọlákìtán pẹ́ dé ibi iṣẹ́ gan-an lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá kò pariwo. Ó kàn ní, "Tó o bá tún pẹ́ lọ́la, má wulẹ̀ wá."

Ẹ̀rù ba Ọlákìtán gan-an. Nírọ̀lẹ́, bí Àǹtí ti jáde lọ sí ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì, ó pe Owólabí. Owólabí pa iná, ó tú omi dànù, ó yọ irin náà. Èèpá funfun ti bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n rẹ ẹ́ sínú fínígà, ó ń hó ṣùẹ̀ẹ̀, èèpá ń já bọ́ bí èèpo ẹyin.

"Ẹ má jẹ́ kó máa gbóná jù mọ́, kẹ́ ẹ sì máa tú omi ìdí rẹ̀ dànù látìgbàdégbà," ni Owólabí wí. Ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Ọlákìtán ò bi í nídìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn aládùúrà pé. Àǹtí tan híítà. Kẹ́kẹ́ pa.

"Halelúyà!" ni Ìyá Ezra ké.

"Ọlákìtán, ìwọ lo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀," ni Àǹtí wí. "Wá jẹ́rìí."

"Ọlọ́run… Ọlọ́run ló ṣe é."

Àǹtí fa imú. "Ọlọ́run nìkan? Àbí Ọlọ́run àti fínígà?"

Bọ̀dá Clement bú sẹ́rìn-ín.

"Ọjọ́ tí Owólabí kọ́kọ́ wá ló ti sọ òótọ́ fún mi lórí fóònù," ni Àǹtí wí. "Ṣe ni mo ń díbọ́n pé ẹ̀rù ń bà mí. Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Àǹtí gbé táwẹ́lì rẹ̀. "Ó yá, ẹ jẹ́ n lọ wẹ̀. Orin mi ti pọ̀ nílẹ̀."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́!" Omijé ti dé ojú Ọlákìtán. "Tí mo bá pẹ́ lónìí, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Orin yín ló máa ń jẹ́ kí n pẹ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n!" ni Àǹtí wí. "Ohun tó yẹ kó o ti sọ látọjọ́ yìí nìyẹn. Wọlé, lọ wẹ̀."

Omi náà gbóná dáadáa. Ọlákìtán ṣẹ̀ṣẹ̀ fọṣẹ sára ni, nígbà tó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, níbi tí Àǹtí dúró sí pẹ̀lú táwẹ́lì léjìká.

"Gbù-ú… Ọlákìtán… gbù-ú… Ọlákìtán…"