Orúkọ Ọba Lẹ́nu Olorì

Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lójú oorun. Oorun ọ̀sán ni, lórí àga, ìwé fíìmù sì wà lórí itan mi. Bàbá Mofẹ́, olóògbé ọkọ mi, ló kọ eré orí ìtàgé tí wọ́n fẹ́ fi ṣe fíìmù yìí. Èmi ni mo ṣe Olorì Ẹ̀bùnolú nínú rẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i.

Mo bá lá a pé Olorì fúnra rẹ̀ kanlẹ̀kùn. Ó wọ ṣòkòtò jíǹsì, ó dé adé, ó di nǹkan kan sínú áńkáṣíìfù.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "wọ́n ti lo ọ̀rọ̀ mi tán kí n tó débi tí mo fẹ́ lò ó."

Mo ní kó jókòó, kó mumi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi. Nínú eré wa, Olorì kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ, bí àwa ìyàwó ilé náà kì í ti í pe tiwa. "Kábíyèsí" ni, "olówó orí mi" ni. Àfi ọjọ́ tí ọba ní kí wọ́n ta àbíkẹ́yìn rẹ̀ lẹ́rú. Ìgbà yẹn ló máa dìde, tó máa ní, "Adéròmókùn!" Gbogbo gbọ̀ngàn á pa lọ́lọ́. Mo ti rí àgbà ọkùnrin tó ṣí fìlà níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ló ti ń pariwo, "Adéròmókùn, tíì mi dà?"

A jọ gbéra lọ sí Ọ́fíìsì Àtúnṣe Olorì. Ó ń léfòó lókè òrùlé páànù ìlú wa, a sì gun àkàbà débẹ̀. Lérè, olùdarí fíìmù, wà nídìí tábìlì.

"Ayé ti yí padà, mà," ó ní. "Obìnrin tó láyà la fẹ́, tí kì í bẹ̀rù ọkọ."

"Ta ló sọ fún ọ pé ẹ̀rù ló ń bà á?"

Kámẹ́rà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wúkọ́. "Èmi náà bi í bẹ́ẹ̀, mà. Ó ní kí n panu mọ́."

Kí Lérè tó fèsì, ó ti di òbúkọ, tòun ti awò ojú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìwé eré náà. Mo kí i kú oúnjẹ. Nígbà tó kan ojú ewé tó kẹ́yìn, Olorì tú áńkáṣíìfù. Orúkọ ọba ló wà níbẹ̀, ó ti gbẹ, kò ju hóró ẹ̀wà lọ.

"Mo ti pè é títí," ó ní. "Kò dun ẹnikẹ́ni mọ́."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo bú sẹ́kún.

Ẹnì kan ló fọwọ́ kàn mí tí mo fi jí. Akọ̀wé Lérè ni, abiyamọ bíi tèmi, ó mú fọ́ọ̀mù dání.

"Ẹ má bínú, mà. Ibì kan ló ṣófo. Kí lorúkọ ẹni tó kọ eré yìí?"

Ọdún méjìlélógójì tí mo fi wà lọ́ọ̀dẹ̀ Bàbá Mofẹ́, mi ò pe orúkọ rẹ̀ rí. Mi ò pè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí rẹ̀ pàápàá.

"Sọ fún Lérè kó dá orúkọ ọba padà sí ìparí eré," mo ní. "Lọ́jọ́ tó bá dá a padà, èmi náà á la ẹnu mi, màá pe ọkọ mi lórúkọ fún yín."

Obìnrin náà fi ìdérí dé bíró rẹ̀, ó sì ká fọ́ọ̀mù náà.