Orúkọ Ara Ògiri ní Haverthorpe

Láti ìgbà tí àwọn dókítà ti la àyà Lionel Quarrington, tí wọ́n tún ọkàn rẹ̀ ṣe tí wọ́n sì ní kó máa lọ sílé, ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n máa sin òun sí ló gba ẹnu rẹ̀ kan. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni. Kápẹ́ẹ̀tì ló tà ní Nottingham títí ó fi fẹ̀yìn tì. Beryl ìyàwó rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí wọ́n sun òkú òun, kí wọ́n sì da eérú rẹ̀ sókun ní Skegness, níbi tí àwọn méjèèjì ti máa ń lọ gbatẹ́gùn nígbà ooru. Lionel ṣe bí ó ṣe wí, àmọ́ atẹ́gùn yí padà lọ́jọ́ náà, ó fẹ́ lára eérú ọ̀hún sí i ní kóòtù. Kò gbàgbé rẹ̀ títí dòní. Wọn ò sì bímọ tó máa bá a pín ẹrù náà.

"Enid," ló máa ń wí fún àbúrò rẹ̀ obìnrin, "mi ò fẹ́ kí atẹ́gùn máa gbé mi kiri o. Ilẹ̀ ni kí o gbé mi sí, ilẹ̀ tí àwọn èèyàn mi wà."

Ilẹ̀ tó ní lọ́kàn ni ti ṣọ́ọ̀ṣì Haverthorpe, abúlé kékeré kan ní Lincolnshire. Bàbá wọn ló máa ń sọ fún wọn pé ibẹ̀ ni ìdílé àwọn ti ṣẹ̀, pé orúkọ àwọn wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì náà. Òótọ́ sì ni, ó wà níbẹ̀: Edmund Quarrington, ẹni tó ni gbogbo oko abúlé náà kó tó kú, wọ́n gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára òkúta funfun, wọ́n sì gbẹ́ ẹyẹ kan tó fi ẹsẹ̀ kan dúró sí òkè rẹ̀. Lionel ti ya fọ́tò òkúta yìí, ó ti fi ṣe káàdì Kérésìmesì, ó sì ti ní kí wọ́n ya ẹyẹ náà sára òrùka fún òun.

Iṣẹ́ tó kù kò pọ̀, lójú tirẹ̀. Ó ti tọpa ìdílé wọn láti orí bàbá wọn lọ sí bàbá àgbà, títí tó fi dé orí Thomas Quarrington, bàbá tó bí bàbá bàbá àgbà wọn, tó gbéyàwó ní Haverthorpe ní ọdún 1819. Àkọsílẹ̀ ìrìbọmi Thomas ló kù, kó lè so ó mọ́ Edmund ara ògiri.

Enid ló wa mọ́tò lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jọ lọ. Opó lòun náà, ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ṣiṣẹ́ rí, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sẹ́nu.

"Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ de bẹ́líìtì yín," ló wí.

"Máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣebí ilé kan náà ni ìwọ náà ti wá."

"Ṣọ́ọ̀bù ẹja díndín ni mo mọ̀ pé mo ti wá. Àbí o ti gbàgbé òórùn tó máa ń wà nírun Mọ́mì?"

"Ìyẹn tìdílé ìyá," ni Lionel fèsì, ó kọjú sí fèrèsé.

Ọ̀gbẹ́ni Gilbert Pask, àgbẹ̀ kan tí kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn ni, ẹrẹ̀ ilẹ̀ kábéèjì ṣì wà ní bàtà rẹ̀. Ó ń wo Lionel bó ṣe ń fọwọ́ pa òkúta náà bí ẹni ń pa ológbò lára.

"Gbogbo ẹni tó ń ti ìlú ńlá wá síbí, baba olówó ni wọ́n ń wá," ni Pask wí. "Mi ò tí ì rí ẹnì kan tó bi mí pé, 'Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń kó ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ láyé ìgbà yẹn?'"

Enid bú sẹ́rìn-ín. Lionel kò rín.

Àlùfáà Philippa Snaith dé lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ń mí hẹlẹ, torí ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́fà ló ń bójú tó káàkiri àwọn abúlé. Ó ṣàlàyé bọ́rọ̀ ṣe rí fún wọn. Ilẹ̀ ìsìnkú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ẹni tó ń gbé abúlé náà ló lẹ́tọ̀ọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá ti ìta wá, ìgbìmọ̀ ìjọ ló máa jókòó lé e lórí, wọ́n á sì fẹ́ mọ ohun tó so ó pọ̀ mọ́ Haverthorpe.

"Ẹ bá mi wá ìrìbọmi Thomas yẹn, ẹ kọ ìtàn ìdílé yín sí mi," ló wí. "Lẹ́yìn ìyẹn, màá gbé e síwájú wọn."

Àwọn ìwé àtijọ́ kò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Wọ́n ti kó wọn lọ sí ilé ìtọ́jú ìwé ní ìlú Lincoln. Ibẹ̀ ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà forí lé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ojú Lionel kò ríran dáadáa mọ́, ìkọ̀wé ìgbà yẹn sì rí bí ìgbà tí aláǹtakùn ṣubú sínú íńkì, nítorí náà Enid ló ń kà, Lionel jókòó tì í. Wọ́n wo ọdún mélòó kan kọjá. Nígbà tí wọ́n dé ọdún 1794, ọwọ́ Enid dúró.

Ó kà á sínú lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un kà. Ó ṣe é bíi kó ṣí ojú ìwé náà kọjá, kó ní òun ò rí nǹkan kan.

"Kí ló dé?" ni Lionel bi í. "Òun ni, àbí? Òun ni! Kà á fún mi."

Enid bá kà á, ohùn rẹ̀ wálẹ̀: "'Thomas Quarrington, ọmọ ọwọ́ ọkùnrin tí a bá ní ìloro ṣọ́ọ̀ṣì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. A kò mọ ẹni tó bí i. Èmi ni mo mú orúkọ yìí láti ara ògiri fún un, nítorí kò sí ẹni tó ń jẹ́ ẹ mọ́.'"

Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àlùfáà ayé ọjọ́un kò rí ilé kankan wò. Ògiri ló wò.

Lionel dìde. Ó mú kóòtù rẹ̀, ó jáde. Ilé tíì kan tó wà nísàlẹ̀ òkè ni Enid ti wá bá a, tíì ti tutù níwájú rẹ̀, ó ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn.

"Ìwé ìgbéyàwó Thomas nìkan la máa fi ránṣẹ́," ló wí kí Enid tó jókòó. "Quarrington ló wà níbẹ̀. Haverthorpe ló wà níbẹ̀. Kí ni wọ́n tún ń fẹ́?"

"Àlùfáà yẹn ní ká kọ ìtàn ìdílé wa. Irọ́ nìyẹn, Lionel."

"Kì í ṣe irọ́. Mi ò kàn ní sọ gbogbo ẹ̀ tán ni."

"Irọ́ tó wọ bàtà, tó de táì ni."

"Ó rọrùn fún ẹ láti sọ!" Ó sọ ọ́ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin méjì tó ń jẹ kéèkì nítòsí fi wojú ara wọn. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "O ní ọmọ. O ní ọmọ ọmọ. Èmi, òkúta yẹn ni mo ní. Gbogbo ọdún yìí ni mo fi ń yangàn pẹ̀lú ọkùnrin tí kò bí mi, tí kò mọ̀ mí rí. Ọmọ tí wọ́n gbé jù sílẹ̀ bí ọmọ ológbò, òun ló wá bí wa."

Enid na ọwọ́ sí i. Ó bọ́ òrùka náà lọ́wọ́ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, torí ìka náà ti ń pọ́n, ó sì fi í sínú àpò kóòtù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n padà sí Nottingham.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Enid. Bó ti ń fọ abọ́ ló ń rò ó: ọmọ ọwọ́ kì í fi òkúta ìloro ṣoúnjẹ. Ẹnì kan ló gbé e. Ta ni? Ó padà lọ sí Lincoln lóun nìkan, láìsọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì bèèrè bóyá àwọn tó ń bójú tó àwọn aláìní ní Haverthorpe nígbà náà kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n gbé e wá fún un. Alẹ́ ọjọ́ náà ló tẹ Lionel láago.

"Má tíì gbé e sílẹ̀," ló wí. "Obìnrin kan ló wà. Opó ni. Dinah Cutforth. Ọmọ tirẹ̀ kú lọ́sẹ̀ tí wọ́n rí Thomas, omi ọyàn sì wà láyà rẹ̀. Ìjọ gbé ọmọ náà fún un, wọ́n ń san nǹkan díẹ̀ fún un."

"Nítorí owó, nígbà náà."

"Gbọ́ mi ná. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún méje, wọ́n fẹ́ mú un lọ fún àgbẹ̀ kan ní abúlé mìíràn, kó máa sìn ín. Dinah wá bá wọn nípàdé. Àkọ̀wé wọn kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: 'Opó Cutforth ní òun kò gba nǹkan kan mọ́, kí a ṣáà fi ọmọ náà sílẹ̀ fún òun.'"

Lionel tẹ fóònù mọ́ etí.

"Ó ní òun ò gbowó mọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀."

"Obìnrin tí kò ní nǹkan kan?"

"Obìnrin tí kò ní nǹkan kan, Lionel."

"Kí lo tún pe orúkọ ẹ̀?"

"Dinah."

"Dinah," ni Lionel tún pè, bí ẹni ń tọ́ nǹkan wò. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún. Kò sunkún báyìí lọ́jọ́ tí wọ́n da eérú Beryl pàápàá.

Oṣù kọkànlá ni ìgbìmọ̀ ìjọ ránṣẹ́ sí Lionel. Yàrá kékeré ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n jókòó sí, èèyàn mẹ́jọ, wọ́n gbé bísíkíìtì àti ìkòkò tíì sáàárín, ibẹ̀ kò sì nílò ẹ̀rọ amúlétutù torí otútù ń gba ara ògiri wọlé. Lionel ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ nígbà tó dìde, ó ká ìwé náà pọ̀.

"Mo ti sọ fún àlùfáà pé ìran Edmund Quarrington ni mí," ló wí. "N kì í ṣe ìran rẹ̀. Ìloro yín níta yẹn ni wọ́n ti rí baba ńlá wa ní ọmọ ọwọ́, àlùfáà ìgbà náà ló sì fún un lórúkọ ara ògiri. Mi ò ní ẹ̀jẹ̀ kankan níbí tí mo lè tọ́ka sí. Opó kan lábúlé yìí ló tọ́ ọ, ìjọ ló kọ́kọ́ ń san owó oúnjẹ àti bàtà rẹ̀, ibí ni wọ́n sì sin òun náà sí. Ohun tí mo rí nìyẹn. Mo rò pé ó yẹ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Ó jókòó. Ọkàn rẹ̀ ń lu kìkì lábẹ́ ibi tí wọ́n là.

Obìnrin kan tó wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ó dùn mọ́ni o, ọ̀gbẹ́ni, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ìbátan, àyè tó kù kò pọ̀, òfin wa sì ni pé…"

"Dúró ná, Rosamund," ni Gilbert Pask já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Títí di ìgbà yẹn, bísíkíìtì ló ń jẹ. "Ìjọ yìí ló sọ ọmọ yẹn lórúkọ. Ìjọ yìí ló fún un ní wàrà mu, ló ra bàtà fún un. Ta ló tún fẹ́ jẹ́ ọmọ ìjọ jù bẹ́ẹ̀ lọ? Bàbá àgbà tèmi, ẹja ló ń tà kiri láti Grimsby. Kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ ló bà jẹ́ síbí, ni kò bá lọ mọ́. Ẹnikẹ́ni ò bèèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ó yẹ ká ti bèèrè," ni ẹnì kan wí láti ìdí tábìlì, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

Wọ́n nawọ́ sókè. Rosamund nìkan ni kò na tirẹ̀. Ó ní òfin lòfin, ṣùgbọ́n òun kò bínú sí ẹnikẹ́ni, ó sì bu tíì sí i fún Lionel. Ibi tí wọ́n fún un wà lápá àríwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí omi máa ń dá rogún sí nígbà òjò. Pask ní kó má ṣàníyàn, kò ní mọ̀ ọ́n lára.

Lionel kò kú lọ́dún náà, kò sì kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọkàn tí wọ́n tún ṣe fún un ń ṣiṣẹ́ lọ dáadáa, débi pé Pask máa ń bi í bóyá kí àwọn yá ẹlòmíràn ní àyè náà ná. Ó kọ̀wé sí àlùfáà pé òun fẹ́ fi òkúta sórí sàárè Dinah Cutforth. Àlùfáà fèsì pé ìwé sọ pé wọ́n sin ín síbẹ̀ lọ́dún 1821, àmọ́ kò sọ ibi pàtó, ọ̀pọ̀ òtòṣì ló sì dùbúlẹ̀ sábẹ́ koríko láìní àmì.

Nígbà ooru, àwọn tó bá yọ̀ǹda ara wọn ló máa ń gé koríko ilẹ̀ ìsìnkú náà. Enid ló ń fi mọ́tò gbé Lionel lọ, ó sì máa ń jókòó sórí ìjókòó onígi pẹ̀lú sáńwíìṣì àti fúláàsì tíì, tí Lionel á máa ti ẹ̀rọ ìgékoríko níwájú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Wọ́n ní apá kan péré ni tìẹ," ni Enid ké sí i lọ́jọ́ kan. "Wá jókòó, kí o má bàa kú sórí wọn."

"Mi ò mọ ibi tí Dinah wà," ni Lionel dáhùn. Ó nu òógùn ojú rẹ̀, ó yí ẹ̀rọ náà padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìlà mìíràn.