Ààyè Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Motọ́lání

Ọjọ́ kẹta tí Motọ́lání ọmọ mi bímọ ni èmi àti ọkọ rẹ̀ lọ sí ọjà Tejúoṣó láti ra bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Èmi ni mo ní kí wọ́n má rà á ṣáájú. Wọ́n ti ra aṣọ, wọ́n ti ra ìlédìí, wọ́n ti ra àwọn ike kan tí n kò mọ ohun tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n mo ní bẹ́ẹ̀dì ò gbọdọ̀ wọlé kí ẹni tó máa sùn sórí rẹ̀ tó dé. Ẹ má bi mí pé ọmọ ìjọ Áńgílíkà wo ló ń bẹ̀rù irú ìyẹn. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà ní Mushin, mo sì ń ka Bíbélì mi láràárọ̀, síbẹ̀ n kì í ra ẹrù de ọmọ tí n kò tíì fojú rí.

Ẹrù tèmi náà ti wà ní dídì. Bí ọmọbìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ ló ń wá tọ́jú rẹ̀. Òun ni yóò máa wẹ ọmọ, tí yóò máa nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, ogójì ọjọ́ ni yóò sì fi bá wọn sùn nínú yàrá, tí ọkọ yóò gba pálọ̀ lọ. Mo ti ra ọṣẹ dúdú, mo ti ra kàn-ìnkàn-ìn àti òrí. Motọ́lání nìkan ló kù mí lọ́wọ́. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni, ọdún mẹ́sàn-án ló sì fi wojú Olúwa kó tó rí Máyọ̀kún bí. Kò sí ohun tí mo tún ń fẹ́ láyé ju kí n tẹ́ ẹní mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ yẹn, kí n máa gbọ́ èémí rẹ̀.

Ọládèjì, ọkọ rẹ̀, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi títí àyà rẹ̀ fi máa ń kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó mú téèpù télọ̀ dání bí ẹni tó fẹ́ dá ṣòkòtò fún bẹ́ẹ̀dì, n kò sì béèrè ìdí.

Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ń jẹ́ Basheerah, ẹnu rẹ̀ kò sì dúró síbì kan.

“Grandma, ẹ kú oríire o. Boy àbí girl?”

“Ọkùnrin ni.”

“Ẹ wo eléyìí, Mà. Igi gidi ni, tòkunbọ̀. Ó máa lò ó di two years.”

Mo fi ìka kan igi náà. Mo ní, “Ta ló sùn lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀?”

“Ọmọ òyìnbó ni, Mà.”

“Ọmọ òyìnbó náà ńkọ́? Ṣé ó ti dàgbà?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Ọládèjì kò rẹ́rìn-ín. Ó pe Motọ́lání lórí fóònù ní ọsibítù, ó kọ ojú fóònù sí bẹ́ẹ̀dì náà kí ìyàwó rẹ̀ lè rí i.

“Rárá, kì í ṣe ìyẹn,” Motọ́lání dáhùn. “Èyí tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan máa ń ṣí, tí wọ́n máa ń so mọ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá ọmọ, ìyẹn ni mo fẹ́.”

Basheerah wọ inú lọ, ó gbé méjì jáde, ńlá kan àti kékeré kan. Nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ṣe ẹ̀gbẹ́ wọn, wọ́n fi síìpù sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ní bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń dè é mọ́ bẹ́ẹ̀dì ńlá.

“Eléyìí ni gbogbo èèyàn ń rà báyìí, Mà,” ni Basheerah wí. “Ọmọ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ẹ̀, ìyá á kàn nawọ́ gbé e tó bá sunkún, but kò sẹ́ni tó máa sùn lé e. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn kan máa ń sùn lé ọmọ?”

Mo mọ̀. Ọládèjì bojú wo ilẹ̀. Nínú fóònù, Motọ́lání yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni pé nọ́ọ̀sì pè é, ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ó ti sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, nínú yàrá kan ṣoṣo tí a háyà ní Pápá Àjàó, ọmọkùnrin mi Tèmídayọ̀ kú lórí bẹ́ẹ̀dì mi lọ́sàn-án gangan. Ọmọ ọ̀sẹ̀ méje ni. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé èmi ni mo sùn lé e. Theophilus ọkọ mi mọ̀ ọ́n, kò nà mí, kò lé mi, ṣùgbọ́n kò bá mi ṣeré mọ́ títí tó fi wọ ilẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó sì ń fi pè mí níwájú àlejò. Àwọn aládùúgbò ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Inú agbè náà ni mo wà láti ọjọ́ náà, mo sì lè sọ fún yín pé ó fọ́. Wọ́n gbé ọmọ náà lọ sin, wọn kò sì fi ibẹ̀ hàn mí, nítorí òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Títí di òní n kò mọ̀ ọ́n.

Ọládèjì na téèpù rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì méjèèjì. Ó ní ààyè tó wà láàárín bẹ́ẹ̀dì àwọn àti ògiri kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, pé ńlá yẹn yóò gbà á tán, ṣùgbọ́n kékeré yóò ṣẹ́ àlàfo díẹ̀ kù.

“Ibo ni n ó wá tẹ́ ẹní mi sí?” ni mo béèrè.

Ọládèjì ń ká téèpù. Motọ́lání ní, “Màmi, ẹ̀yin lẹ mọ ojúlówó. Ẹ bá wa yan èyí tó bá dáa.”

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo di kékeré mú, mo mì ín, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. Mo mi ńlá, kò mira. Ọlọ́run rí mi, ó wù mí kí n purọ́. Mo ní kí wọ́n gbé ńlá, Ọládèjì sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n dé sílé wọn ní Ìpọ̀nrí, èmi náà sì dé tèmi ti báàgì mi. Mo wọ yàrá. Bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà kan ògiri, ìgbálẹ̀ gan-an kò lè kọjá níbẹ̀. Motọ́lání jókòó, ó gbé Máyọ̀kún sórí itan. Ọládèjì rí ojú mi, ó ní òun ń lọ gbé omi kaná, ó sì jáde.

“Màmi, a ti tẹ́ fóòmù yín sí pálọ̀,” ni Motọ́lání wí. “Ẹ ó máa wẹ̀ ẹ́, ẹ ó máa gbé e lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀rọ̀ oorun, ẹ jọ̀ọ́, Mà.”

“Ṣé nítorí Tèmídayọ̀ ni?”

Láti ọdún yẹn, a kò dá orúkọ náà láàárín ara wa rí. Omi bọ́ lójú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

“Mo wà níbẹ̀, Mà. Orí ẹní ni mo sùn sí. Igbe yín ló jí mi, mo wá rí yín lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ẹ̀.”

Kì í ṣe orí ẹní ló sùn sí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà náà. Mo fẹ́ lọ pọn omi lẹ́yìnkùlé, mo ní kó dùbúlẹ̀ ti àbúrò rẹ̀, kó bá mi wò ó. Èrò pọ̀ nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo fi padà, oorun ti gbé e lọ, ó sùn lé ọmọ náà láyà, ó fi àtàǹpàkò sẹ́nu. Mo gbé e kúrò. Mo fọwọ́ kan ọmọ náà, mo sì mọ̀. Mo tẹ́ Motọ́lání sórí ẹní, kò jí. Mo dùbúlẹ̀ síbi tó ti dìde, ìgbà náà ni mo tó figbe ta. Mo mọ ìyá ọkọ mi. Àjẹ́ ni yóò pe ọmọ yẹn, gbogbo ilé ni yóò sì bá a gbè é. Ṣebí èmi náà ni mo lọ pọn omi.

“Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ẹ ò tọrọ àforíjì rí,” Motọ́lání ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Lọ́wọ́ Dádì o, lọ́wọ́ èmi o. Ẹ kàn ń ṣe bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.”

Inú bí mi. Kí n má purọ́, inú bí mi débi pé ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n mi, ó ku kí n sọ ọ́ jáde. Mo wò ó. Wàrà ti rin bùbá rẹ̀ níwájú, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ọmọ rẹ̀ mú. Bí mo bá sọ ọ́, kò ní lè fi ọkàn balẹ̀ gbé ọmọ náà mọ́ láyé rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo bí.

“Èmi ni mo sùn lé e,” ni mo wí. “Jọ̀ọ́, foríjì mí.”

Ó fi ọwọ́ kan fà mí dìde, ó ní kí n má kúnlẹ̀ fún òun, pé òun ti foríjì mí ti pẹ́. A sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nu ojú rẹ̀, ó tẹ́ Máyọ̀kún sínú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó sì ké sí ọkọ rẹ̀ pé kó wá bá mi gbé báàgì mi lọ sí pálọ̀.