Fíìmù Ọjọ́ Ìyàsímímọ́

Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta péré ni àwòrán náà fi jóná. Ó kọ́kọ́ pọ́n bí epo tuntun, ó hó láàárín, ó sì lu, títí ó fi ku ìmọ́lẹ̀ funfun nìkan lára ògiri. Charity pa ẹ̀rọ sinimá náà, ó fi ọwọ́ fẹ́ èéfín rẹ̀ kúrò, ó sì mí kanlẹ̀. Àlòkù fíìmù tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni ló fi dán an wò. Èyí tó ṣe kókó ṣì wà nínú agolo rẹ̀ lórí tábìlì.

Agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni, nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Òkìtìpupa, níbi tí Charity ti ń tún kámẹ́rà ṣe láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Bẹ́líìtì rọ́bà tí ẹ̀rọ náà nílò ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé ní ìdájí, lọ́wọ́ awakọ̀ kan. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti yọ́ bí ọ̀dà. Ó ti fi òwú àti sípíríìtì nu ọ̀nà tí fíìmù ń gbà kọjá, ó ti fi gírísì sí àwọn eyín irin, ó ti pààrọ̀ gílóòbù. Ohun kan ṣoṣo ló yọ tí kò dá padà: irin pẹlẹbẹ kan tó ní ihò wẹ́wẹ́ bí asẹ́. Iṣẹ́ irin náà ni kó já bọ́ sáàárín gílóòbù àti fíìmù nígbàkígbà tí fíìmù bá dúró, kí ooru má baà jó o. Nọ́ọ̀tì kékeré méjì ló ń dè é mú. Irin náà àti nọ́ọ̀tì rẹ̀ wà nínú páálí ìṣáná, páálí ìṣáná sì wà nínú àpò rẹ̀.

Adébọ́lá ló gbé ẹ̀rọ náà àti fíìmù inú agolo náà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Bàbá rẹ̀, Dókítà Ọláṣùpọ̀, ló rà á ní Jámánì pẹ̀lú kámẹ́rà kékeré kan kó tó padà wálé. Nígbà tí àwọn Aládùúrà ya ilé ìsìn wọn sí mímọ́ ní Ìlútítun lọ́dún 1982, dókítà ló ya ayẹyẹ náà. Dókítà ti kú báyìí. Àpọ́sítélì Philemon, tó dá ìjọ náà sílẹ̀, fẹ́ pé ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún, ìjọ sì fẹ́ rí bó ṣe rí nígbà tí ara rẹ̀ le.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rọra ṣe é," Adébọ́lá wí. "Wọ́n ní irú fíìmù yìí kì í ní ẹ̀dà."

"Kì í ní," Charity dáhùn. "Èyí tó wọnú kámẹ́rà náà ló jáde. Tó bá ti jó, ó tán nìyẹn."

Kò sọ fún un pé òun mọ Àpọ́sítélì Philemon.

Ó mọ̀ ọ́n láti ìgbà ọyẹ́ kan, nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Ọmọ tuntun Philemon kú. Ó kó gbogbo obìnrin ìjọ jọ, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àbẹ́là títàn, ó ní kí wọ́n yí pẹpẹ ká lẹ́ẹ̀méje, kí iná lè fi àjẹ́ tó pa ọmọ náà hàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àbẹ́là Dora, ìyá Charity, kú. "Iná kọ̀ ọ́," Philemon wí. Ìdí fèrèsé ẹ̀yìn pẹpẹ ni Charity jókòó sí. Fèrèsé náà kò ní ìlẹ̀kùn, atẹ́gùn ọyẹ́ sì ń fẹ́ sí i lọ́rùn. Ó sọ pé atẹ́gùn ló ń pa àbẹ́là náà. Wọ́n ní kó dákẹ́.

Ọkọ Dora kó gbogbo fọ́tò ìyàwó rẹ̀ sínú iná lọ́jọ́ kejì. Ìjọ lé Dora; ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí Akotogbo, ó ń fún epo pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀, ó sì kú ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ tó ránṣẹ́. Charity ṣì rántí ọwọ́ rẹ̀ tí epo máa ń kun títí dé ìgúnpá. Ó rántí ohùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni kò rántí mọ́.

Nítorí náà ni ó ṣe yọ irin náà. Láàárọ̀ gbogbo fún ọ̀sẹ̀ méjì ló fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wá inú fíìmù náà, àwòrán kan lẹ́yìn òmíràn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ, títí ó fi rí èyí tó fẹ́: Philemon gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ẹnu rẹ̀ là, ó ń súre. Ẹnìkan tó wọ aṣọ funfun dúró tì í pẹ̀lú báàfù omi. Ojú ẹni náà kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Charity kò wo ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ojú Philemon ló ń wò. Níbẹ̀ ni yóò ti dá fíìmù dúró. Ìjọ tó fi àbẹ́là tó kú dá obìnrin lẹ́jọ́ yóò mọ ohun tí wọn yóò pe ojú tó bá hó tó sì lu níṣojú gbogbo wọn. Òun kò ní sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó fi ọ̀dà funfun sàmì tó-ń-tó sí etí fíìmù, ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ṣáájú, kí ojú rẹ̀ lè tètè rí i.

Ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìsìn náà pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Wọ́n ti fi tapólì dí gbogbo fèrèsé. Ooru mú. Àpọ́sítélì Philemon jókòó síwájú, ọ̀pá láàárín orúnkún méjèèjì, ara rẹ̀ ti gbẹ, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ kedere.

"Ìwọ ni onísinimá? Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ rẹ. Ọmọ ibo ni ẹ́?"

"Òkìtìpupa ni mo ń gbé, Bàbá."

"Mi ò bi ẹ́ níbi tó ò ń gbé."

"Ẹ jẹ́ kí sinimá parí, màá sọ fún yín."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún tàkàtàkàtàkà. Fíìmù náà kò ní ohùn; ìjọ ló fi tirẹ̀ sí i. Wọ́n ń pe orúkọ àwọn tó ti kú bí wọ́n ṣe ń jáde lára ògiri. Nígbà tí Philemon yọ, tó wọ aṣọ funfun, tó ń rìn gìrìgìrì kọjá, Ìyá Joy, tó dàgbà jù lọ nínú àwọn obìnrin, kígbe láti ẹ̀yìn: "Bàbá, ẹ ní irun lórí rí!" Philemon fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Àmì ọ̀dà funfun náà yọ lára kẹ̀kẹ́ òkè tí fíìmù ń tú kúrò. Charity gbé ìka lé bọ́tìnì ìdádúró, ó ń kà.

Ení. Philemon na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Èjì. Ẹni tó gbé báàfù, tó kẹ̀yìn sí kámẹ́rà, bu omi sí i lọ́wọ́. Ẹ̀ta. Philemon gbọn omi náà dànù. Ẹ̀rin. Ẹni náà yíjú padà.

Obìnrin ni. Ó wo kámẹ́rà tààrà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omi kúrò ní àgbọ̀n, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní èjí. Irú èjí kan náà wà lẹ́nu Charity.

Àrún.

Ìka rẹ̀ kò tẹ bọ́tìnì. Kò sí ohun tó wù ú ní gbogbo ayé rẹ̀ ju kó tẹ̀ ẹ́ lọ, kí obìnrin náà má kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló yọ irin. Bí fíìmù bá dúró, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ni ìyá rẹ̀ ní. Ó di ètè rẹ̀ mú, ó ń wò ó bó ṣe gbé báàfù náà rìn lọ, títí ògiri fi gba ẹlòmíràn.

"Ta ni arẹwà yẹn?" ọmọbìnrin kan béèrè.

Ìyá Joy ti dìde. Kò ṣe àwàdà mọ́. "Dora ni," ó wí. "Dora tí a lé."

Philemon kò yíjú. "Dá a padà," ó wí. "Dá a dúró níbi tó wà yẹn."

"Tí mo bá dá a dúró báyìí, iná á jó o, Bàbá. Ẹ ní sùúrù fún mi."

Ó pa ẹ̀rọ, ó mú páálí ìṣáná jáde. Adébọ́lá fi fóònù tàn án fún un.

"Àǹtí, kí nìyẹn?"

"Ohun tó yẹ kó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀."

Nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ wọlé. Ìkejì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọlé. Ó yí fíìmù padà sẹ́yìn, ó tàn án, ó kà á títí dé àrún, ó sì tẹ bọ́tìnì. Irin já sílẹ̀, ó dún kẹ́. Àwòrán náà ṣú díẹ̀ bí ìgbà tí oòrùn ń wọ̀, ṣùgbọ́n ó dúró: ọkùnrin tó ń súre, àti Dora lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Philemon wò ó. Nígbà tó yíjú wo ẹ̀yìn, tó rí ẹnu Charity nínú ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ náà, kò tún béèrè ọmọ ibo ni.

"Ó tó," ó wí. "Pa iná yẹn."

"Fèrèsé ẹ̀yìn pẹpẹ ló ṣí lọ́jọ́ náà, Bàbá," Charity dáhùn. "Lónìí, a ti dí gbogbo rẹ̀. Iná yìí ò ní kú. Ẹ máa wò ó."

Philemon tẹ orí ba. Ìyá Joy ló sọ ọ́ láti ẹ̀yìn, pẹ̀lẹ́: "Ẹ gbójú sókè, Bàbá. Èmi náà ń wò ó." Ó gbójú sókè.

Ogójì ọdún ni Charity fi ń dúró de kí orí yẹn tẹ̀ ba. Ó yà á lẹ́nu pé òun kò rí i nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ògiri ni òun ń wò. Ó rántí awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, àti àárọ̀ mẹ́rìnlá tó fi gbé e lé orí ojú Philemon, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ iye irun àgbọ̀n rẹ̀. Gbogbo àárọ̀ wọ̀nyẹn ni ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ká ní ó sún awò náà síwájú díẹ̀ báyìí, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan, ì bá ti rí i.

Ó dìde nídìí ẹ̀rọ náà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ síwájú kí òjìji rẹ̀ má baà bo àwòrán náà, ó kọjá lára Philemon láìwò ó, ó sì lọ dúró níbi tí ojú ìyá rẹ̀ ti tóbi jù.