Àbàjà Bàbá Kafilat

“Ta nìyí?”

Ìyá Kafilat béèrè láìgbé ojú kúrò lára bébà tí ọmọ rẹ̀ tẹ́ sórí itan rẹ̀. Bí ìyàwó bá ń wo àwòrán ọkọ rẹ̀ tó sì ń béèrè ẹni tó jẹ́, a jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó yà á ni ẹ̀bi wà.

Òjò ọdún tó kọjá ló wọ yàrá wọn ní Ajégúnlẹ̀, tó sì fọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ olóògbé kúrò lára fọ́tò kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìyá ti ń sọ pé ojú ọkọ òun ń sá fún òun. Òun a máa gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́kàn, òun a máa gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́ bó bá ti èbúté Àpápá dé, ṣùgbọ́n bí òun bá wá ojú rẹ̀, òfìfo ni. Ìdí nìyẹn tí Kafilat fi ra pẹ́ńsùlù.

“Ó jọ ọ́ díẹ̀,” ni ìyá sọ, bí ẹni tí kò fẹ́ já ọmọ kulẹ̀. “Òun kọ́ ṣá ni.”

Kafilat gbé àwòrán náà tọ Ebinimi lọ ní Malu Road, níbi tí ìyẹn ti ń kun òdòdó àti orúkọ sára tírélà. Ebinimi wò ó títí, ó sì rẹ́rìn-ín.

“Sister, your papa no be zebra.”

Àbàjà ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ló ń bá wí. Kafilat ti tẹ pẹ́ńsùlù mọ́ ọn, ó dúdú kirimú. Ebinimi ní ọ̀dà lòun mọ̀, òun kò mọ pẹ́ńsùlù, ṣùgbọ́n ilà tó dà bíi kí èèyàn fi àkísà nù ún kúrò kì í ṣe ilà ojú.

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásàrì tán, ó jókòó sídìí fèrèsé. Òun náà kọ àbàjà.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín.”

“Ṣé o fẹ́ rà á ni?”

Ìka Kafilat rì díẹ̀ sínú ilà náà. Ó rí i pé etí ilà tó kọjú sí fèrèsé ń dán, èkejì sì ṣú. Nígbà náà ló yé e: ilà kì í ṣe ohun tí a fi kún ojú, kòtò kékeré ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a kò lè fà á. Òjìji inú rẹ̀ nìkan la lè yà.

Ó mú bébà tuntun. Ó dá pẹ́ńsùlù dùbúlẹ̀, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ra bébà ní fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó sì ń dá funfun sí níbi tí ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ bà sí. Ó bà á jẹ́, ó tún un yà, títí ó fi gbé ọ̀kan fún ìyá rẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá kò béèrè nǹkan kan. Ó fi ìka tọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà. Lẹ́yìn náà ló tún ìborùn rẹ̀ ṣe, bí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé dé.

“Bàbá Kafilat,” ni ó wí, “ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.”